Ìtì Igi Ẹ̀gẹ́: Bí Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì Ṣe Wọ Oko Agbègbè Ìbàdàn

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ìwáṣẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ìlú ń ṣe ọdún iṣu tuntun, ọba ń tọ́ iṣu wò kí ará ìlú tó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ìlú tó ń ṣe ọdún ẹ̀gẹ́ tuntun. Síbẹ̀, ní àwọn abúlé tó yí Ìbàdàn ká lónìí, láti Mọ́níyà ní Akínyẹlé títí dé Ìyànà Ọ̀fà ní Lágelú, láti Adégbayì ní Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà, ó ṣòro láti rí oko tí ẹ̀gẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní pákí, àwọn ará Ẹ̀gbá ń pè é ní gbágùúdá. Nǹkan kan náà ni. Bí àlejò yìí ṣe gba ilẹ̀ mọ́ onílé lọ́wọ́ jẹ́ ìtàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì wà nínú rẹ̀ ju bí ẹni tó ń mu gàrí lọ́sàn-án ṣe lè rò lọ.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀ wá. Àwọn Potogí ló gbé e láti Bùràsíìlì wá sí etíkun Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò létíkun wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tó dá a dúró kò ṣòroó mọ̀: ẹni tó bá wú u, tó sè é bí ẹni ń se iṣu, lè fi kó àìsàn, àgàgà bó bá jẹ́ irú èyí tó korò. Igi ẹ̀gẹ́ nìkan kò tó. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di oúnjẹ gbọ́dọ̀ bá a rìn. Àwọn tó kó ọgbọ́n náà wá ni àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí àti àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún: àwọn Àgùdà láti Bùràsíìlì, àwọn Sàró láti Sierra Leone. Èkó, Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ wọn dó sí. Ní Bùràsíìlì, kí Potogí tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ rárá ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, tí wọ́n sì ń yan án lórí iná. Gàrí tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba n'Íbàdàn àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń bù sórí ẹ̀wà ní Bahia, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ìbàdàn kò tètè gbà á. Ibùdó ogun ni ìlú náà nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ológun tó tẹ̀ ẹ́ dó sì fi oko yí i ká. Ilé wà nígboro, abà wà lóko. Èèyàn ń lọ, ó ń bọ̀. Iṣu ni olóyè inú oko. Àgbàdo àti ẹ̀wà tẹ̀lé e. Ẹ̀gẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn pátápátá, lórí ilẹ̀ tó ti rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ kó di igbó. Oúnjẹ tálákà ni wọ́n kà á sí, ẹni tó bá sì fi ẹ̀gẹ́ ṣe àlejò nígbà náà kò tíì ṣe é lálejò. Ṣùgbọ́n àǹfààní méjì wà lára rẹ̀ tí iṣu kò ní. Kò bá àgbẹ̀ jà lórí ilẹ̀ tó ti ṣá. Bó bá sì gbó tán, ó lè dúró nínú ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìbàjẹ́, bí owó tí wọ́n fi sínú kòlò. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, tí òṣìṣẹ́ olówó oṣù àti lébìrà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nígboro, àwọn tó nílò oúnjẹ tí kò wọ́n, tó ṣeé gbé rìn, tí kò nílò sísè, pọ̀ sí i pẹ̀lú wọn. Gàrí ni oúnjẹ náà. Omi tútù nìkan ló ń béèrè.

Májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kì í jókòó síbẹ̀ lójú kòrókòró. Nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, èròjà méjì ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí orogún méjì tí ògiri wà láàárín wọn. Bí ẹranko bá gé e jẹ, tàbí tí ọ̀bẹ là á, ògiri á wó, àwọn méjèèjì á pàdé, sáyánáìdì á sì jáde. Bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹran àti kòkòrò nìyẹn. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nínú gàrí ṣíṣe ló jẹ́ ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìyá kan tó dúró de orúkọ sáyánáìdì kó tó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe.

Kí ẹ́ńjìnnì tó dé, agolo ni wọ́n ń lò. Wọ́n á la agolo òróró, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á fi ìṣó dá ihò sí i lára káàkiri, wọ́n á wá kàn án mọ́ pákó kí ojú tó rí ṣákaṣàka lè wà lókè. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó. Bí ẹ̀gẹ́ bá sì ti kù bíńtín lọ́wọ́, ìka ló kàn. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ṣì ní àpá rẹ̀ lọ́wọ́. Rírin yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí òun ló ń wó gbogbo ògiri inú ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á kó o sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Bó ti ń kan ni omi rẹ̀ ń ro, tí májèlé sì ń bá omi lọ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á kù ú, wọ́n á dà á sínú agbada lórí iná, wọ́n á máa fi èéfọ́ igbá rò ó kó má baà jóná. Sáyánáìdì tó bá ṣẹ́ kù kò ní ibi tí yóò sá sí. Ooru ìwọ̀n 26 péré lórí òṣùwọ̀n Celsius ti tó láti sọ ọ́ di gáàsì. Ọ̀sán gangan Ìbàdàn pàápàá ń mú ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti agbada. Ti láfún yàtọ̀ díẹ̀: omi ni wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀, kí wọ́n tó sá a sórí àpáta tàbí sí etí títì.

Ìkánjú ni ewu iṣẹ́ náà. Jáàkì tó rọ́pò òkúta lè fún omi ẹ̀gẹ́ tán láàárín wákàtí díẹ̀, nígbà tí gàrí bá sì wọ́n lọ́jà, àwọn kan máa ń rin ẹ̀gẹ́ lónìí kí wọ́n sì yan án lọ́la. Ṣùgbọ́n àkókò gan-an wà lára oògùn tó ń pa májèlé. Àwọn dókítà ti rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ n'Íbàdàn. Ní àwọn ọdún 1960, B. O. Ọ̀ṣúntókun, onímọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ àti iṣan ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn UCH, ṣe ìwádìí lórí àwọn aláìsàn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí wọn kò lè rìn ṣánṣán, tí ojú wọn ń ṣókùnkùn tàbí tí etí wọn ń di. Ó lọ sí àwọn ìlú tí ẹ̀gẹ́ ti jẹ́ oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, títí kan Ọ̀sósà lágbègbè Ìjẹ̀bú, ó sì so àìsàn náà mọ́ sáyánáìdì tí èèyàn ń jẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìsí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà tó tó nínú oúnjẹ. Nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn padà sí Ọ̀sósà ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé àìsàn náà ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé sáyánáìdì nìkan ló fà á kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Ohun tí kò sí iyàn nínú rẹ̀ ni pé gàrí tó kan dáadáa sàn ju èyí tí wọ́n sáré yan lọ, èyí sì ni àwọn ìyá ti ń sọ tipẹ́.

Bí ẹ̀gẹ́ ṣe rí ààyè tó pọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà ní í ṣe pẹ̀lú kòkó. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni kòkó ti ń gba ilẹ̀ agbègbè yìí, òun ló sì kọ́ ọ̀pọ̀ ilé alájà tó ti gbó báyìí nígboro Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1940, àrùn fáírọ́ọ̀sì tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú yọjú. Kò sí oògùn rẹ̀. Ohun tí ìjọba amúnisìn mọ̀ ni kí wọ́n gé igi tó ní àrùn, kí wọ́n sì gé èyí tó wà nítòsí rẹ̀, yálà ó so tàbí kò so. Nínú ìwé àwọn onímọ̀, ìmọ̀ràn náà ní ìdí. Lójú àgbẹ̀ tó jí láàárọ̀ tó bá kòkó rẹ̀ nílẹ̀ gbalaja, ogun ni. Àwọn àgbẹ̀ Ìbàdàn kọ̀ jálẹ̀, Ẹgbẹ́ Máyégún sì di ohùn wọn. Bí kòkó ti ń kú lọ lórí àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ń rọ́pò rẹ̀. Ohun mìíràn tún kù lẹ́yìn ìjà náà tó ju igi lọ: láti ìgbà náà, bí ọ̀gá ágíríìkì bá wọ abúlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọ́n á kọ́kọ́ wo ọwọ́ kejì bóyá àdá wà níbẹ̀.

Ilé ìwádìí àkọ́kọ́ ní agbègbè náà ti wà kí wàhálà kòkó tó ṣẹlẹ̀. Apá Apáta ni wọ́n dá Moor Plantation sílẹ̀ sí. Òwú tí òyìnbó fẹ́ kó lọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́, kì í ṣe oúnjẹ ará ilé. Nígbà tó yá, àrùn kan tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò, tó ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò lápákan lápákan, fi ipá mú wọn wo ọ̀dọ̀ ẹ̀gẹ́. Fáírọ́ọ̀sì ni òun náà. Eṣinṣin funfun kékeré kan ń gbé e láti ewé dé ewé, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni agbérù rẹ̀ tó lágbára jù. Kì í ṣe èso ni wọ́n fi ń gbin ẹ̀gẹ́. Igi rẹ̀ ni wọ́n ń gé sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń rì bọlẹ̀. Ẹni tó bá bu igi lóko ọ̀rẹ́ rẹ̀ ru ohunkóhun tó wà nínú igi náà délé, ìbáà ṣe ìkórè tó pọ̀, ìbáà ṣe àrùn.

Ìdáhùn sí àrùn náà rin ìrìn àjò gígùn. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn onímọ̀ ní Amani, ní Tanganyika ìgbà náà, ti ń gba ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ igi kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, tí wọ́n ń fa rọ́bà lára rẹ̀ ní Bùràsíìlì. Igi náà kò ní iṣu tó ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n àrùn náà kì í tètè mú un. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gba àwọn ọmọ rẹ̀ padà mọ́ ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n rí èyí tó ní iṣu tó sì ní agbára. Ní àwọn ọdún 1950, èso irú wọn dé Moor Plantation, níbẹ̀ ni wọ́n ti yan èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 58308. Kò dára tó fún oko, iṣu rẹ̀ kéré. Ó jókòó síbẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Ní ọdún 1967, àjọ Ford àti àjọ Rockefeller pẹ̀lú ìjọba Nàìjíríà dá ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ní Akínyẹlé, lórí ilẹ̀ tó tó ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà. Oko àti abà àwọn èèyàn ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní láti ṣípò kí ilé ìwádìí tí yóò ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ tó ráyè jókòó. Ní ọdún 1971, Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà, dé ibẹ̀, ó sì padà sórí 58308 tí gbogbo èèyàn ti pa tì. Ó gbà á pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀gẹ́ tó ń so dáadáa. Lára àwọn ọmọ tó jáde nínú iṣẹ́ náà, TMS 30572 ló lókìkí jù: ó ń gbógun ti àrùn ewé, ó sì ń so ju ti àtijọ́ lọ dáadáa láàárín ọdún kan.

Kò sí àgbẹ̀ tó ń pe 30572. Ágíríìkì ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń fi orúkọ yẹn yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ bí Ọkọ Ìyàwó. Bó ṣe tàn kálẹ̀ ló yẹ kí èèyàn dúró wò dáadáa. Ilé-iṣẹ́ ìjọba pín díẹ̀. Ìyókù jẹ́ iṣẹ́ èjìká: ìtì igi kan láti ọ̀dọ̀ àna, ìtì kan tí wọ́n fi san owó iṣẹ́, ìtì kan tí ẹnìkan bù lóru lóko ẹlòmíràn láìtọrọ. Igi tó wá láti orí hẹ́kítà kan lè gbin nǹkan bíi hẹ́kítà mẹ́wàá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó kí ìtì kan kún abúlé. Ẹni tó gbìn ín lè máà tíì gbọ́ nípa IITA rí. Ìkirè, lójú ọ̀nà Ifẹ̀, tí èèyàn ń dé bó bá ti kọjá Adégbayì àti Ẹ̀gbẹ́dá, mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní tiwọn: ní àwọn ọdún 1980, wọ́n fi Hahn jẹ oyè Séríkí Àgbẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ ágíríìkì kò rọrùn fún gbogbo nǹkan. Ó dára fún gàrí àti láfún, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀gẹ́ sísè máa ń rojọ́ nípa rẹ̀, nítorí náà wọn kò jẹ́ kí Ọkọ Ìyàwó àti irú rẹ̀ run lóko. Ojú tí àwọn onímọ̀ fi ń wo ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn kò ka èyí sí tó bó ti yẹ: ìwọ̀n ìkórè ni wọ́n ń kà, àwọn obìnrin sì ń ka bó ṣe rọrùn láti bó, bí gàrí rẹ̀ ṣe ń wú nínú omi, àti iye kóńgò tó ń jáde nínú àpò kan.

Bí àrùn ewé ti ń rọlẹ̀, ìyọnu mìíràn dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò kan tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá yọ ní Kóńgò. Ara rẹ̀ funfun bí ẹni tí wọ́n da ìyẹ̀fun lé lórí. Orí ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ ló ń pé jọ sí, yóò máa fa omi rẹ̀ mu títí ọ̀mùnú náà yóò fi ká wọ ara rẹ̀ bí ìkúùkù. Akọ kò sí láàárín wọn. Abo ni gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń yé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin láìsí ọkọ. Kí ọdún 1979 tó parí, ó ti wọ Nàìjíríà. Ní ibi tó bá ti mú gan-an, ìkórè lè dín kù ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Fínfín oògùn sí oko ẹ̀gẹ́ jẹ́ ohun tí kò sí owó rẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ abà, bí owó bá tiẹ̀ wà, wọ́n ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ náà ní Kóńgò.

Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, dé IITA ní ọdún 1979 láti wá nǹkan ṣe sí i. Ohun tó rò kò le: bí kòkòrò náà kò bá ṣe ẹ̀gẹ́ ní jàǹbá tó bẹ́ẹ̀ nílùú rẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀tá kan ń ṣọ́ ọ níbẹ̀. Ní ọdún 1981, Tony Bellotti, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí CIAT ní Kòlóńbíà, rí kòkòrò náà ní Paraguay, wọ́n sì rí ọ̀tá náà lára rẹ̀. Agbọ́n kan ni, tí kò gùn ju mìlímítà méjì lọ, tí kì í ta èèyàn. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ìlú òyìnbó láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò ní ba nǹkan mìíràn jẹ́, kó tó dé Ìbàdàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni wọ́n tú àwọn àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rí báyìí. Abo agbọ́n á bà lé ọ̀mùnú, á máa fi ìwo orí rẹ̀ fọwọ́ kan àwọn kòkòrò funfun náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yan tòmátì lọ́jà. Bó bá rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ki ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀ ọ́ lára, á sì yé ẹyin kan sínú rẹ̀. Ẹyin náà á pa di ìdin, ìdin á máa jẹ kòkòrò náà láti inú. Ara kòkòrò á le, á di aláwọ̀ ilẹ̀ bí hóró àgbàdo tí wọ́n yan jóná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ihò róbótó kan á ṣí lára rẹ̀, agbọ́n tuntun á sì jáde láti wá kòkòrò tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ní láti rà á, kò sí ẹni tó ní láti fín in. Wọ́n sìn wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú tú wọn sórí oko ní àwọn ibòmíràn, àwọn agbọ́n náà sì fìdí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó lé ní ogún. Ibùdó iṣẹ́ náà ṣí lọ sí ìtòsí Kútọ̀nu ní ìparí àwọn ọdún 1980. Herren gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní ọdún 1995. Ní abà, ohun tí àwọn àgbẹ̀ rí ni pé ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í là. Púpọ̀ nínú wọn gbà pé òjò ló fọ kòkòrò náà lọ.

Àwọn tuntun tún ti dé lẹ́yìn ágíríìkì. TME 419, tó wá láti Tógò, tó ga ṣánṣán láìní ẹ̀ka púpọ̀, wọ Nàìjíríà dáadáa láti àárín àwọn ọdún 2000. Ní ọdún 2011, wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ mẹ́ta jáde tí inú wọn pọ́n díẹ̀ bí pupa inú ẹyin adìẹ, tí èròjà tí ara ń sọ di fítámì A wà nínú wọn, nítorí àwọn ọmọdé tí àìtó fítámì náà ń ba ojú wọn jẹ́. Gàrí pupa kì í ṣe ohun àjèjì, epo pupa ni wọ́n fi ń ṣe é lápá Edó àti Ìlà-Oòrùn, èròjà kan náà sì wà nínú epo. Ṣùgbọ́n funfun ni Ìbàdàn fẹ́ràn, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì máa ń béèrè ohun tí wọ́n fi pa gàrí náà láró.

Ìròyìn tó ń kó ìdààmú bá àwọn onímọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni àrùn fáírọ́ọ̀sì mìíràn láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, tó ti wọ Kóńgò. Ewé ẹ̀gẹ́ tó ní in lè dára lójú. Inú iṣu rẹ̀ ló ń jẹ, á sọ ọ́ di aláwọ̀ ilẹ̀, á gan, kò ní ṣeé jẹ. Àgbẹ̀ lè máà mọ̀ títí ọjọ́ tí yóò wú u, nígbà tó sì ti pín igi rẹ̀ fún àwọn ará abúlé mẹ́ta. Ìdí nìyí tí àjọ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní WAVE, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Côte d'Ivoire, fi ń yẹ oko wò káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ tún ti ṣe ètò kan sórí fóònù, Nuru, tí èèyàn lè fi kámẹ́rà yẹ ewé ẹ̀gẹ́ wò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì sọ irú àrùn tó wà lára rẹ̀.

Láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, IITA kì í fi ìtì igi ránṣẹ́ mọ́. Ọmọ ẹ̀gẹ́ kékeré, tó gùn tó ìka, nínú ìgò tí wọ́n dí lẹ́nu, ló ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán. Láàárín Adégbayì sí Àkànrán ṣá, níbi tí ilé tuntun ti ń lé oko síwájú lọ́dọọdún, orí ọ̀kadà ni ìtì igi ẹ̀gẹ́ ń wà, wọ́n á fi okùn dì í mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, kò sì sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.